Bóásì ní Ẹnu Ibodè: Ọ̀rọ̀ nípa Aya tàbí Ọkọ tí ó ti Ilẹ̀ Òkèèrè Wá

Ẹ̀kọ́ wa: Ìwé Rúùtù, orí 4, ẹsẹ 1 títí dé 17.



Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Rúùtù, orí kìn-ín-ní ìwé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fẹ́ràn jù, níbi tí obìnrin ará Móábù nì gbé kọ̀ láti fi ìyá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. A ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó, a sì ti gbọ́ ọ ní ọjọ́ àwọn ìyá. Ṣùgbọ́n orí kẹrin kì í sábà wá sí wa lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ti ẹ̀rí àti ti bàtà ni ó kún inú rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀ràn àwọn akọ̀wé ni, kì í ṣe ti àwọn onígbàgbọ́. Lóṣù yìí mo fẹ́ kí a jókòó ti orí náà.

Ohun tí ó mú mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni ìbéèrè olùkọ́ kan, ẹni tí aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Tógò. Mo ti gbà á níyànjú pé kí ó lọ béèrè ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè fún aya rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé, "Baba, Ọlọ́run ti so wá pọ̀ níwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ sì rí i. Kí ni mo tún ń fi ìwé tọrọ lọ́wọ́ ìjọba?" Kì í ṣe aláìnírònú ènìyàn ni ó béèrè bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́ kí Bóásì dá a lóhùn.

Bóásì ti fẹ́ràn Rúùtù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ó ti ṣèlérí fún un ní ilẹ̀ ìpakà, ó sì ti wọn ọkà sí aṣọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ nìkan tó, kò sí ohun tí ì bá tún gbé e jáde kúrò nílé. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti mọ́, ó gòkè lọ sí ẹnu ibodè, ó sì jókòó níbẹ̀. Ẹnu ibodè ní ayé ìgbà náà kì í ṣe ọ̀nà àbáwọlé lásán. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń dá ẹjọ́, ibẹ̀ ni a ti ń jẹ́rìí sí ọ̀ràn ilẹ̀ àti ti ìgbéyàwó. Bóásì pe ọkùnrin mẹ́wàá nínú àwọn àgbà ìlú, ó mú wọn jókòó, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú wọn.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta níbẹ̀.

Èkínní, kò fi ìlú obìnrin náà pamọ́. Ó mọ̀ pé nínú Deuterónómì, orí 23, òfin sọ̀rọ̀ líle nípa àwọn ará Móábù, pé wọn kì yóò wọ inú ìjọ Olúwa. Síbẹ̀, nígbà méjì ní ẹnu ibodè ni ó pè é ní ará Móábù ní gbangba, ní ẹsẹ karùn-ún àti ní ẹsẹ kẹwàá. Kò sọ pé ọmọ Júdà ni, kò sì pa orúkọ ìlú rẹ̀ dà.

Èkejì, ìbátan kan wà tí ó súnmọ́ ju Bóásì lọ. Nígbà tí ó gbọ́ ti ilẹ̀, ó ní òun yóò rà á. Nígbà tí ó gbọ́ pé obìnrin àjèjì wà pẹ̀lú ilẹ̀ náà, ó fà sẹ́yìn, ó ní kí òun má baà ba ogún òun jẹ́. Ẹ̀yin ará, ìbátan yìí kò tíì kú. Ó wà ní ọ̀pọ̀ agbo ilé wa. A máa bá àjèjì obìnrin jẹun, a máa bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá dárúkọ ogún, a ó rántí ìlú tí ó ti wá.

Ẹ̀kẹta, àwọn àgbà àti gbogbo ènìyàn tí ó wà ní ibodè dáhùn pé àwọn jẹ́ ẹlẹ́rìí. Wọ́n sì súre fún obìnrin náà pé kí ó dà bí Rákélì àti Léà, tí àwọn pẹ̀lú ti ilẹ̀ mìíràn wá kí wọ́n tó kọ́ ilé Ísírẹ́lì. Láti ìgbà náà lọ, ẹ wo ẹsẹ kẹtàlá. Ní orí kejì nìkan, ìgbà mẹ́ta ni a pè é ní ará Móábù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti kúrò ní ẹnu ibodè, Rúùtù nìkan ni ìwé náà ń pè é. Bí ọkọ rẹ̀ ti sọ òtítọ́ nípa ìlú rẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tún fi ìlú náà pè é mọ́.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní ìhà Òkè-Ògùn, ìyá àgbà kan wà tí a bí ní Kùmásì. Ẹ̀yin mọ̀ pé láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ Ghana, tí wọ́n kọ́lé níbẹ̀, tí wọ́n sì bímọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde kúrò ní ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ta ọjà wọn ní ìtàkútà, wọ́n sì di ẹrù wọn sórí ọkọ̀ padà wálé. Ọkọ ìyá yìí wà lára wọn. Obìnrin náà, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lé, fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹ̀lé e. Ní ọdún 1971 a so wọ́n pọ̀ nínú ìjọ wa.

Ọdún 1983 dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ tirẹ̀ pẹ̀lú, pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde kí oṣù náà tó parí. Àwọn ará Ghana ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àpò onílà tí a ń pè ní Ghana Must Go sì ń jẹ́rìí sí i títí di òní. Ìyá náà sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òun fi wà nínú yàrá, tí aṣọ fèrèsé wà ní títa sílẹ̀, tí òun sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe sọ èdè Ghana níta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ọkọ rẹ̀ wí fún un pé, "Bí ọ̀ràn yìí bá ti rọlẹ̀, a ó lọ ṣe ìwé rẹ." Ọ̀ràn náà rọlẹ̀, wọn kò sì lọ mọ́. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé gbogbo ọ̀la ni yóò rí bí òní.

Nígbà tí ọkọ náà kú, ìpàdé ẹbí kò tíì parí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi dìde, tí ó ní, "Àlejò ni ìyá yìí. Ìwé wo ni ó fi jẹ́ ará ibí?" Kò sí ìwé kankan. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wọn gan-an ni ikán ti jẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a ránṣẹ́ pè mí.

Ẹ̀yin ará, ìwé ìgbéyàwó ìjọ ni ó ràn wá lọ́wọ́. A ṣí àpótí irin tí ó wà ní yàrá ìmúra àwọn alùfáà, a yẹ ìwé àtijọ́ wò, a sì rí orúkọ àwọn méjèèjì ní ojú ewé tiwọn, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú orúkọ bàbá obìnrin náà, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ẹlẹ́rìí, ní ọwọ́ ìkọ̀wé kátíkísì kan tí ó ti lọ sinmi tipẹ́tipẹ́. Ọkùnrin náà kò mọ̀ pé opó kan yóò fẹ́ ka ohun tí òun kọ. Ó kàn kọ ọ́ dáadáa nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Baálé ilé wá, ó sì fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí fún un. Ó wí níwájú àwọn ọ̀dọ́ pé, "Aya wa ni. Ó ti pọn àwọn ọmọ wa, ó sì ti bá wa sin òkú wa. Ta ni ó ń bi í léèrè ìwé?" Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo rò pé mo wà ní ẹnu ibodè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọ̀ràn yìí yóò fẹ́ mọ ohun tí òfin wí. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpín 26, wí pé a lè fi orúkọ obìnrin tí ó jẹ́ aya ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè. Nǹkan mẹ́ta ni yóò tẹ́ Ààrẹ lọ́rùn: pé obìnrin náà jẹ́ oníwà rere, pé ó ti fi hàn gbangba pé ilẹ̀ wa ni òun fẹ́ fi ṣe ibùgbé, àti pé ó ti búra ìṣòtítọ́ sí orílẹ̀-èdè. Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé ní Àbújá ni a ń kọ̀wé sí, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó sì ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò mọ sórí aya ẹni tí ó wà láàyè. Ó dárúkọ obìnrin tí ó jẹ́ aya, àti èyí tí ó ti jẹ́ aya rí. Nítorí náà ilẹ̀kùn kò tì mọ́ opó. Nígbà tí mo ka èyí fún ìyá àgbà náà, ó sunkún, nítorí pé ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọkọ òun ti gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí ibojì.

Bákan náà, kì í ṣe dandan lọ́dọ̀ tiwa pé kí aya náà kọ orílẹ̀-èdè tí a bí i sí. Ìpín 28 kò béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà nípa ìbí. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè pẹ̀lú ohun tí òfin ilẹ̀ tirẹ̀ wí, kí ó má baà sọ ọ̀kan nù nígbà tí ó ń wá èkejì. Níti àwọn ọmọ, kí ọkàn yín balẹ̀: ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni nípa ìbí.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wúwo. Aya tí ó ti òkèèrè wá ni ìpín 26 dárúkọ. Kò dárúkọ ọkọ. Bí ọmọbìnrin wa bá fẹ́ ọkùnrin ará Bẹ̀nẹ̀ tàbí ará Gẹ̀ẹ́sì, ìgbéyàwó náà kò ṣí ilẹ̀kùn yìí fún ọkọ rẹ̀. Ìpín 27 ni yóò gbà, èyí tí ó béèrè pé kí ó ti gbé ní ilẹ̀ wa fún ọdún 15. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2022, a gbé àbá kan wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, pé kí a fún àwọn ọkọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ kan náà tí a fún àwọn aya, àbá náà kò sì yege. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń jàǹfààní lábẹ́ òfin ọdún 1981 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí kò fi ọkọ ṣe ọ̀tọ̀ sí aya: ẹni tí ó bá fẹ́ ọmọ ìlú náà lè béèrè lẹ́yìn ọdún 3 tí ó ti ń gbé ibẹ̀, bí ó bá ti ní àṣẹ ìgbélùú títí láé, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń dúró di ọdún 5.

Ǹjẹ́ kí ni a ó wí sí èyí? Àwọn kan yóò ní kí a má ṣe fi ẹnu kan òfin. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé Númérì, orí 27. Àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì márààrún lọ dúró níwájú Mósè, níwájú àlùfáà, níwájú àwọn ìjòyè àti gbogbo ìjọ, wọ́n ní kò tọ́ kí orúkọ bàbá àwọn parẹ́ nítorí pé kò bí ọkùnrin. Wọn kò bú Mósè, wọn kò sì ṣọ̀tẹ̀. Mósè gbé ọ̀ràn wọn tọ Olúwa lọ, Olúwa sì ní òtítọ́ ni wọ́n sọ, a sì tún òfin ogún ṣe. Àwọn ọmọbìnrin wa pẹ̀lú lè dúró bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tí a dìbò yàn, kí wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti pẹ̀lú ìgboyà, ó sì yẹ kí àwa ọkùnrin dúró tì wọ́n.

Ní ti ìpín 27 náà, ohun kan wà níbẹ̀ tí ó kan ìjọ. Òfin ní kí ó dá Gómìnà lójú pé àwọn ará àdúgbò tí àlejò náà fẹ́ máa gbé tẹ́wọ́ gbà á, àti pé ó ti bá wọn dọ́gba nínú ìgbé ayé wọn. Ta ni àwọn ará àdúgbò? Àwa ni. A kò lè máa gbàdúrà fún àlejò ní ọjọ́ Ìsinmi, kí a sì kọ̀ láti jẹ́rìí rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan wà, nílé àti lẹ́yìn odi, tí wọ́n ń fi ìgbéyàwó ra ìwé: wọn kò fẹ́ ara wọn, wọn kò gbé pọ̀, wọ́n kàn ń pín owó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin fi àyè gba ìjọba láti gba ẹ̀tọ́ náà padà lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ẹ̀tàn gbà á. Ábúráhámù bàbá wa pẹ̀lú purọ́ nípa aya rẹ̀ nígbà tí ó wọ ilẹ̀ àjèjì, ó ní arábìnrin òun ni. Ọba Íjíbítì tí kò mọ Ọlọ́run ni ó bá a wí. Ó jẹ́ ohun ìtìjú pé kí kèfèrí máa kọ́ onígbàgbọ́ ní òtítọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé, kí ó kọ ọjọ́ bí ó ti rí, kí ó kọ orúkọ bí ó ti rí, bí Bóásì ti dárúkọ Móábù.

Ẹ̀yin kátíkísì ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ń bá wa kọ̀wé ìjọ, mo bẹ̀ yín. Òfin Ìgbéyàwó ní kí a fi ẹ̀dà kan ìwé ẹ̀rí lé ọwọ́ tọkọtaya, kí a sì fi èkejì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbéyàwó ti àgbègbè láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sùn nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ kọ orúkọ ní pípé. Ẹ gbé ìwé náà kúrò níbi tí ikán lè dé. Ojú ewé kan tí a kọ dáadáa lè jẹ́ ilé fún opó.

Níti olùkọ́ tí ó bi mí léèrè, èsì mi nìyí. Arákùnrin, ìjọba kọ́ ni yóò so yín pọ̀. Ọlọ́run ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí o ṣe níwájú pẹpẹ, lọ sọ ọ́ ní ẹnu ibodè, kí ó lè dúró ní ọjọ́ tí ìwọ kì yóò sí níbẹ̀ láti sọ ọ́. Náómì wí fún Rúùtù pé ọkùnrin náà kì yóò sinmi títí yóò fi parí ọ̀ràn náà ní ọjọ́ náà gan-an. Kí aya rẹ lè wí bẹ́ẹ̀ nípa rẹ.

Nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe fún àwa náà. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ àwọn ará Éfésù, ní orí kejì, pé àjèjì ni wọ́n nígbà kan rí, tí wọn kò ní ìpín nínú májẹ̀mú, àti pé nípa ẹ̀jẹ̀ Kristi ni wọ́n fi di ará ilé Ọlọ́run. Olúwa wa kò fẹ́ wa ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn òde ibodè ni ó ti jìyà, ní gbangba, ó sì kọ orúkọ wa sínú ìwé tí ikán kì yóò jẹ. Láti inú ìdílé Rúùtù ni a sì ti bí i nípa ti ara, gẹ́gẹ́ bí Mátíù ti kọ ọ́.

Títí di òní tí mo ń kọ̀wé yìí, ìdáhùn kò tíì dé láti Àbújá fún ìyá àgbà náà. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ó bi mí pé, "Bí mo bá kú kí ìwé tó dé, ẹ̀gbẹ́ ta ni ẹ ó sin mí sí?" Mo dá a lóhùn pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni, baálé sì ti fi ibẹ̀ hàn mí. Ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin tí ó ti bá wa gbé fún ọdún tí ó lé ní àádọ́ta kò yẹ kí ó máa béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Kí Ọlọ́run, tí ó fẹ́ràn àlejò, tí ó ń fún un ní oúnjẹ àti aṣọ, kí ó fún wa ní ọkàn Bóásì, kí ó fi ẹ̀rí òtítọ́ sí ẹnu àwọn àgbà wa, kí ó sì kó gbogbo wa wọ ìlú rẹ̀ níkẹyìn, níbi tí a kì yóò pe ẹnikẹ́ni ní àjèjì mọ́, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.